Rebecca Bámiṣayé àti Ipasẹ̀ Orí Ayélujára

Kò sí ẹni tó fẹ́ràn kọ́ọ̀sì tí Rebecca Bámiṣayé ń kọ́, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kí ló kan ilé ìwé nínú ohun tí àwọn ń kọ sí Fesibúùkù. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ilé ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíláàsì. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé e wá láti Lokongoma ní Lọ́kọ́ja láàárọ̀, àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì a kí i, wọn a sì da ojú fóònù wọn délẹ̀, àfi bí ẹni pé ó lè rí inú rẹ̀ láti òkèèrè.

Ọmọ Yagba ni. Kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ni tẹ́lẹ̀, títí ó fi rí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ nítorí àwàdà burúkú tó kọ sórí ayélujára nígbà tó wà ní girama. Láti ìgbà náà ló ti ń bá àwọn aláṣẹ fà á, tí wọ́n fi gbà kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń hùwà ọmọlúàbí lórí ayélujára, àti bí ohun tí a bá kọ síbẹ̀ ṣe ń tọ́ka sí wa. Kò sí èyí tó fẹ́ràn tó o nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Bó ṣe ń kọ́ ọ gan-an ló dá ìjà sílẹ̀. Yóò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wá orúkọ ẹni tó jókòó tì í lórí fóònù, kó wo ohun tí àjèjì lè mọ̀ nípa rẹ̀: ilé tó ń gbé, ìjọ tó ń lọ, ẹni tó ń fẹ́, ẹni tó bú. Ẹni tí wọ́n wá orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n á sọ ọ́ fún. Ìlérí tó máa ń ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni pé ohun tí a bá rí nínú kíláàsì kò ní jáde. Síbẹ̀, ọ̀rẹ́ ń bínú sí ọ̀rẹ́. Nígbà tí Ràṣídátù, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, gbọ́ pé ẹni tó jókòó tì í ti mọ ilé wọn ní àdúgbò Karaworo àti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ń ti ṣọ́ọ̀bù, ó sunkún, ó sì sọ ọ́ sí Rebecca lójú pé ìwà olè ló ń kọ́ àwọn.

Obed, ọmọ Kàbà tó jẹ́ olórí kíláàsì, ló kọ ìwé ẹ̀sùn. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé e lọ bá Dókítà Yàkúbù, olórí ẹ̀ka, ọkùnrin Tápà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ìyàwó rẹ̀ kò tíì pẹ́ tó kú. Kọ́ọ̀sì náà kò wu òun náà. Ó ní òun yóò wá jókòó nínú kíláàsì. Lẹ́yìn ìyẹn, òun lè gbà á lọ́wọ́ Rebecca tàbí kí òun fi sílẹ̀ fún un.

Ọjọ́ náà pé. Yàkúbù jókòó lẹ́yìn pátápátá. Rebecca bẹ̀rẹ̀, ó ní ògiri létí ni àwọn bàbá wa ń wí, ṣùgbọ́n ògiri ayé ìsinsìnyí kì í gbọ́ lásán, kì í gbàgbé.

"Mà, ògiri yín gbọ́ Òyìnbó," ni Obed wí láìnawọ́. "Ṣé ó gbọ́ Owé?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Obed ní ohun tí òun bá fẹ́ kí gbogbo ayé kà, Gẹ̀ẹ́sì ni òun fi ń kọ ọ́. Èyí tó bá jẹ́ ti ilé, Owé tí wọ́n ń sọ ní Kàbà ni òun fi ń kọ ọ́, kò sì sí Ebira, Igala tàbí Hausa tó lè yọjú sí i.

"Ní Lọ́kọ́ja yìí?" ni Rebecca bi í. "Ẹni tó ń ta ẹja fún ọ ní Natako lè gbọ́ èdè ìyá rẹ jù ọ́ lọ."

Obed gbé fóònù rẹ̀ sókè. Ó ní òun yóò ka ọ̀kan nínú ohun tí òun kọ, kí ẹni tí kì í ṣe ará ilé òun wá túmọ̀ rẹ̀. Rebecca mọ èyí tó fẹ́ kà. Ó ti rí i, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Obed, má kà á."

"Ẹ̀rù ń bà yín ni, mà?"

Ó kà á ní èdè Owé, ó ń fi ohùn dárà. Ó ní bí olórí ẹ̀ka àwọn bá ń sọ̀rọ̀, àfi bí ewúrẹ́ tó ń jẹ ewé gbígbẹ. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Òkun, tí èdè wọn sún mọ́ Owé, rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyẹn ló jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ kú, kí etí lè sinmi. Ẹ̀rín dínkù níbẹ̀, ṣùgbọ́n Obed kò fura. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní ta ló gbọ́.

Yàkúbù dìde.

"Òkun o, Obed," ni ó fi Owé kí i.

Kàbà ni wọ́n bí i sí. Ọlọ́pàá ni bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ gbé e lọ, ibẹ̀ ni ọmọ sì ti dàgbà. Owé tó já geere ló fi sọ èyí tó kù: "Bí ìrora bá dé sí ìyàwó mi, ohùn mi yìí náà ló máa ń ní kí n fi bá òun sọ̀rọ̀." Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ní ọ̀fíìsì rẹ̀, kò ní kí Rebecca jókòó. Ó ní kí ó kó gbogbo ohun tí Obed ti kọ sórí ayélujára jọ, kí ó fọwọ́ sí i, kí àwọn ìgbìmọ̀ ìbáwí lè rí i. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀.

"Mo ti ṣèlérí fún wọn, sà. Ẹ lè sọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín fi etí gbọ́. Èyí tó kù, n kò ní bá yín kó o."

Yàkúbù ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ẹ mọ̀ pé mo gbọ́ Owé."

"Mo ní kó má kà á."

"Ẹ ò ní kí n jáde."

Wọ́n gba kọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ Rebecca, wọ́n dá a padà sídìí kọ̀ǹpútà.

Ẹnìkan nínú kíláàsì ti ká ohùn àti àwòrán Obed sílẹ̀. Fídíò náà ti wọ Wasáàpù káàkiri Lọ́kọ́ja kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àgbà Kàbà sì ti ń pe bàbá rẹ̀. Obed wá bá Rebecca níbi tó ti ń dúró de kẹ̀kẹ́. Kò kí i.

"Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

Rebecca ní kò ṣe é yọ mọ́, ó ti wà lọ́wọ́ ẹni tí òun kò mọ̀. Ohun tó kù ni kó tọrọ àforíjì níbẹ̀, kí ó dárúkọ ẹni tó ṣẹ̀, kí ó sì fi Owé tó fi bú u bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ wá ń pe ara yín ní olùkọ́," ni Obed wí. Ó pòṣé, ó lọ.

Àmọ́ ó kọ ọ́. Rebecca kà á nínú kẹ̀kẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Gẹ̀ẹ́sì ni, ó gùn, ó sì ń bẹ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà lè ti bí nínú. Kò dárúkọ Yàkúbù, kò mẹ́nu kan òkú. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ ọ́ pé Bámiṣayé ló dẹ pàkúté fún Obed, pé òun ló ta á fún olórí ẹ̀ka. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni wọ́n kọ, wọ́n fi àwòrán rẹ̀ tì í. Ẹni tó bá wá Rebecca Bámiṣayé lórí ayélujára lónìí, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí nìyẹn.