Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Wọ́n Fi Ṣe Sàárà

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ. N kò kàwé lọ títí, Yorùbá yìí náà sì kì í ṣe èdè tí ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún ní Àjọwá. Ìta ni mo ti kọ́ ọ. Bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi wọ́, bá mi nà án. Ìwọ náà mọ̀ mí láti ìgbà tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ìbéèrè, abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi ni mo máa ń tẹjú mọ́. Ó rọrùn fún mi láti kọ èyí sílẹ̀ ju kí n fi ẹnu sọ ọ́ lọ.

Òórùn méjì ló máa ń gbé ilé tí mo ti tọ́jú Bàbá aláìsàn kan padà wá bá mi. Ọ̀kan ni òórùn róòbù tí mo fi ń ra ọwọ́ Bàbá, èkejì ni òórùn rọ́bà tuntun tó ń jáde láti inú páálí tí ọmọ wọn obìnrin fi ránṣẹ́ láti Jámánì. Ìkàrẹ́ ni ilé náà wà, àpáta ńlá kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, òjìji àpáta náà á bo ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ ibẹ̀ á sì tutù jẹ́jẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn.

Bàbá ti ṣiṣẹ́ ní Jámánì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì o. Inú ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń gbá, fèrèsé rẹ̀ ni wọ́n ń nù. Lẹ́yìn tí wọ́n padà wálé ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún wọn, tó sì fa ẹnu wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi ni wọ́n mú wá láti máa tọ́jú wọn. Bàbá ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìwàrò, nítorí pé Ìwàrò-Ọ̀kà ni wọ́n ń gbé. Ìyá Ìwàrò ló pàṣẹ pé kí a ti ilẹ̀kùn iwájú pa.

“N kò fẹ́ kí ará àdúgbò máa wo ẹnu àbúrò mi bí ẹni ń wo ìran,” ni wọ́n wí.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo wa ń gbà. Kí n má parọ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá ń gba ẹ̀yìnkùlé kì í pàdé èrò.

Inú páálí tí mo sọ yẹn ni àwọn bíríkì ìṣeré wà. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n, funfun àti pupa, wọ́n yọ gọ́ńgọ́ kéékèèké lórí, èyí tó wà lókè á sì jẹ mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ bí ìgbà tí eyín bá jẹ mọ́ eyín. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo Bàbá ló sọ pé kí wọ́n máa fi ọwọ́ ọ̀tún ṣa ohun kéékèèké, torí bí wọn kò bá lò ó, ọwọ́ náà á ká jọ, kò sì ní nà mọ́. Ọmọ wọn gbọ́ èyí lórí fóònù, ó sì mọ ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn. Ọkọ̀ ojú irin ni Bàbá fẹ́ fi bíríkì náà kọ́, irú èyí tí wọ́n ti ń gbá inú rẹ̀.

Láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀ ni a fi kọ́ ọ. Bàbá á fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n mú bíríkì kan, á bọ́, wọ́n á tún mú un. Èmi á di ìsàlẹ̀ mú kí ó má yẹ̀. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí a ti ń ṣe é, èmi tí n kò rí ọkọ̀ ojú irin rí láyé mi á sì máa gbọ́. Wọ́n ní ọkọ̀ ti ọ̀hún kì í rú èéfín, kì í sì í mu epo. Wáyà ni wọ́n ta sókè ọ̀nà rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ọkọ̀ náà á na ìwo orí rẹ̀ sókè, á fi kan wáyà, iná mànàmáná á sì sọ̀ kalẹ̀ wá sínú rẹ̀, á máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń pè nílé. Díẹ̀díẹ̀ ni ọkọ̀ tiwa náà yọrí lórí tábìlì. Ó funfun, ìlà pupa kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ já, imú rẹ̀ sì tẹ́ ṣọnṣọ bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ.

Ìwo yẹn nìkan ló kù. Bàbá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí, torí ó kéré, ó sì ṣòro láti fi sí ibi tó yẹ kí ó jẹ mọ́.

“Ọwọ́ ọ̀tún mi yìí ni yóò gbé e sí i,” ni wọ́n máa ń sọ. “Ọjọ́ tó bá gbé e sí i, mo ti di èèyàn padà nìyẹn.”

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo lọ ra ẹja àti ata lọ́jà. Kí n tó dé, Ìyá Ìwàrò ti dé. Àfáà kan ní Ọ̀kà ló ti sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe sàárà fún àwọn ọmọdé nítorí àlàáfíà àbúrò wọn, kí ó sì jẹ́ ohun tí inú ọmọdé yóò dùn sí gidi. Wọ́n ra bisikíìtì wá. Nígbà tí wọ́n wọlé tí wọ́n sì rí ọkọ̀ náà lórí tábìlì, wọ́n rò pé kí ni inú ọmọdé tún lè dùn sí tó èyí? Bàbá ń sùn. Ìyá Ìwàrò tú ọkọ̀ náà, wọ́n pe ọmọ àdúgbò jọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì pín in fún wọn tán pátápátá.

“Káàbọ̀ o,” ni wọ́n kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Ó yẹ kí o gbọ́ àmín àwọn ọmọ yẹn. Díẹ̀ ló kù kí ó ṣí òrùlé! Sàárà yìí á gbà.”

Mo wo tábìlì, mo gbé agbọ̀n ata kalẹ̀. Mo ní, “Ìyá, Bàbá ló... ọwọ́ Bàbá ló kọ́ ọ.”

“Ìṣeré ọmọdé kọ́ ni?”

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, Ìyá Ìwàrò fọwọ́ lé àyà, ojú wọn sì pọ́n. “Háà! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ṣùgbọ́n a kì í gba sàárà padà. Ẹni tó bá gba sàárà padà, àìsàn náà ló gbà padà. Ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ pé ẹnìkan lọ bèèrè rẹ̀ o.”

Bàbá kò jà nígbà tí wọ́n jí. Ìbá sàn kí wọ́n jà. Wọ́n wo tábìlì, wọ́n fi ọwọ́ òsì mú ìwo náà lábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n wò ó títí, wọ́n dá a padà, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti kú lẹ́nu wọn. Iyán tí wọ́n fẹ́ràn, wọn kò fẹ́ gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká bí ewé tí oòrùn pa.

Nọ́ọ̀sì ní, “Bàbá, bí ẹ ò bá lò ó, a ó pàdánù rẹ̀ o.”

“Kí n lò ó ṣe kí ni?” ni Bàbá dáhùn, wọn kò sì yíjú padà.

Ẹ̀rù bà mí. Ọmọ ìjọ ni mí, n kò mọ òfin sàárà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò gba àìsàn padà wọ ilé. Ibi tí mo ti ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ ni mo ti rí ọmọbìnrin kékeré kan tó fi okùn so bíríkì funfun kan mọ́ ọrùn bí ẹ̀gbà. Ẹnìkejì rẹ̀ to mẹ́ta tirẹ̀ sílẹ̀ bí ààrò, ó gbé ìdérí agolo lé e, ó ń se iyanrìn. Mo dúró wò wọ́n títí omi fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Mo wá ń bi ara mi pé, a kò gbọdọ̀ gbà á padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹni tó gba sàárà má wá kí ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é? Bí ó bá sì gbé tirẹ̀ dání wá ńkọ́?

Ilé kéwú ni mo mọ̀ pé gbogbo wọn máa ń wà nírọ̀lẹ́. Mo lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo wò wọ́n, mo sì padà sílé. Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ. Àfáà tó ń kọ́ wọn rí mi, wọ́n ní, “Ọmọ yìí, ta lò ń dúró dè láti àná? Ṣé ìwọ náà fẹ́ kọ́ kéwú ni?” Gbogbo ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n mo rántí ọwọ́ tó ń ká jọ yẹn, mo sì fi ohùn tí èmi fúnra mi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ sọ pé mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wá kí Bàbá, kí kálukú mú bíríkì rẹ̀ dání, tí ó bá sì ń lọ kí ó mú un lọ.

“Kí ọmọdé bẹ aláìsàn wò?” ni Àfáà wí. “Ohun tí mò ń kọ́ wọn náà nìyẹn. Ẹ tẹ̀ lé e.”

Ọmọ tó so tirẹ̀ mọ́ ọrùn dì í mú gírígírí. “Tiwa ni o, Àǹtí. A ti ṣe àmín sí i.”

“Tiyín ni,” ni mo dá a lóhùn.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo mú wọn gbà. Ọmọ yẹn náà tún bi mí pé, “Àǹtí, kí ló dé tí a ń yọ́ wọlé bí olè?” Mo ká aṣọ ilẹ̀kùn sókè fún wọn. Wọ́n jókòó sórí ẹní nínú yàrá, Bàbá kọjú sí ògiri. Wọ́n da bíríkì wọn sílẹ̀ ṣààrà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Ọ̀kan ní mọ́ṣáláṣí ni, èkejì ní ilé alájà ni. Mo ní ọkọ̀ ojú irin ni ká kọ́. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀, torí pé kò sí ẹni tó rí i rí nínú gbogbo wa. Wọ́n gbé táyà sí orí, wọ́n dojú fèrèsé dé ilẹ̀.

“Rárá!” ni a gbọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá ti yíjú. “Fèrèsé... ta ló ń dojú fèrèsé dé? Èmi ni mò ń nù ún!”

Àwọn ọmọ wo ẹnu Bàbá tó wọ́. Ọmọdé kì í pẹ́ wo nǹkan. Láìpẹ́, iṣẹ́ ni wọ́n ń gbà lẹ́nu náà. Bàbá jókòó dìde, wọ́n ń fi àgbọ̀n júwe ibi tí kálukú yóò fi tirẹ̀ sí. Wọ́n tún ṣàlàyé wáyà àti iná fún wọn. Ọmọbìnrin yẹn ní, “Bàbá, bí wọ́n bá wá mú iná lọ ńkọ́? Ṣé àwọn èrò á sọ̀ kalẹ̀ tì í ni?”

Ọ̀rẹ́ mi, Bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi ojú sì ń bọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ọwọ́ òsì sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n gbé ìwo náà sí ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n sì nà án sí orí ọkọ̀ náà. Ó bọ́. Mo fẹ́ mú un, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ṣáájú mi. Kò bá wọn fi sí ibi tó yẹ. Ó tún fi lé wọn lọ́wọ́ ni. Ó tún bọ́, ó tún fi lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ó ṣe, a gbọ́ ọ tó dún “kẹ́.” Ó ti jẹ mọ́ ọn.

Bí a ti ń pariwo ni aṣọ ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Ìwàrò ló dúró síbẹ̀, báàgì ìrìn àjò wà lọ́wọ́ wọn. Ojú wọn lọ sórí ọkọ̀ náà tààrà.

“Ta ló gba sàárà padà?”

Mo dìde lórí ẹní.

“Kò sẹ́ni tó gbà á, Ìyá,” ni ọmọ náà wí. “A gbé e wá kí Bàbá ni. Ẹ wò ó.” Ó fa bíríkì tirẹ̀ yọ, ó sì so ó padà mọ́ ọrùn. Àwọn yòókù náà ń fa tiwọn yọ, ọkọ̀ náà ń tú lójú wa, títí ó fi ku ìwo nìkan lórí ẹní. Mo wo Bàbá. Àmọ́ Bàbá kò wo ibi tí ọkọ̀ ti tú. Àwọn ọmọ tó ń lọ ni wọ́n ń wò.

“Ọ̀la ńkọ́?” ni Bàbá bi wọ́n. “Ṣé ẹ ó wá?”

Ìyá Ìwàrò jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n mú ọwọ́ ọ̀tún àbúrò wọn, wọ́n ń nà á ní ìka kọ̀ọ̀kan. “Alihamudulilahi,” ni wọ́n ń wí lábẹ́lẹ̀. “Sàárà náà gbà.” Wọ́n wá gbójú sókè wò mí. “Ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀ yìí.” Bàbá ní kí n gbé iyán wá.

Mi ò mọ bí màá ṣe sọ bí ara ṣe tù mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn sọ ẹrù igi kalẹ̀ lórí tí ọrùn rẹ̀ sì ń fúyẹ́. Mo ti rò pé ohun tí wọ́n pín fún àwọn ọmọ ti bọ́ mọ́ Bàbá lọ́wọ́ nìyẹn. Kò bọ́. Ó kàn lọ mú èèyàn wá ni, èèyàn tí àwa ti ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Èmi náà wà lára àwọn tí ilẹ̀kùn yẹn tì mọ́lé, mo sì ti ń pè é ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Ìyá Ìwàrò ṣì ń kírun, mo mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, mo ta epo pupa díẹ̀ sí ìdè ilẹ̀kùn iwájú kí ó má baà dún, mo ṣí i gbayawu, mo sì mú ìgbálẹ̀, mo jáde lọ gbá iwájú ilé.