Ẹja Òṣùpá tí Bàbá Mi Ní Adágún Chad Ni Wọ́n Ti Pa

Ọjọ́ Sátidé tí ọkọ mi kọ́kọ́ wá kí àwọn òbí mi ní Ìlá, ẹja kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọ̀rọ̀ wa jẹ́.

Ìyá mi ti ra pańlá lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta ẹja inú yìnyín. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán nínú abọ́, a rí ẹja kan láàárín wọn tí kì í ṣe pańlá. Ó pẹlẹbẹ bí àwo, ó ń dán bí páànù tuntun, iwájú orí rẹ̀ ga, ẹnu rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, bí ẹnu ẹni tí inú ń bí tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá mi ní òun ò ní se ohun tí òun ò mọ orúkọ rẹ̀ fún àlejò.

Bàbá mi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní jọ́gíráfì, kì í sì í gbà pé nǹkan kan wà tí òun kò mọ̀. Ó gbé ẹja náà lọ sí pálọ̀ níwájú àlejò wa, ó ní ẹja òṣùpá ni, adágún Chad ni wọ́n ti ń pa á. Ó wá bi í bóyá ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé a ti wọ gàù. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni ọkùnrin yìí, láti Ọ̀rà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa ẹja ló kà ní yunifásítì. Mo ń ṣẹ́jú sí i láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì pé kó dákẹ́. Ó wo ẹja, ó wo bàbá mi, ó dọ̀bálẹ̀ kó tó dáhùn.

“Òótọ́ lẹ sọ, sà, ẹja òṣùpá ni. Inú òkun ló ń gbé, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé wọ́n gbé e gba Chad kọjá.”

Ìyá mi sáré wọ kíṣìnì lọ rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìwé ńlá kan jáde, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Bó ṣe ń kà á ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni irú èyí wà, láti Senegal dé Angola. Àwọn ìbátan rẹ̀ wà ní etíkun Amẹ́ríkà lọ́tùn-ún lósì. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní ẹja òṣùpá, tí kì í tilẹ̀ ṣe ẹbí wọn: ó rí roboto, lẹbẹ rẹ̀ pupa, ibú òkun ló ń gbé, ó sì lè tóbi tó tábìlì wa. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ Chad.

Bàbá mi pa ìwé dé. Ó ní ìwé náà ti pẹ́, pé òkun lè ti ṣí nípò láti ìgbà náà. Àlejò wa ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Bàbá mi wò ó títí, ó wá pe ìyá mi.

“Ìyá wọn, wá din ẹja yìí fún un. Ọmọ tó lè tún ọ̀rọ̀ àgbà ṣe láìdójú tì í, ó lè gbé ilé.”

Nígbà tí ẹja náà kúrò nínú epo, egungun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àlejò wa jẹ ẹ́ torí-torí, ó sì dúpẹ́. Lẹ́yìn tó lọ, bàbá mi bi mí pé ìgbà wo làwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀.