Àmín Tí A Ṣe sí Orin Àjèjì

Mo ní etí. Kì í ṣe pé mò ń yin ara mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ṣómólú nígbà náà yóò jẹ́rìí sí i. Bí wọ́n bá fi orin sí rédíò, ìlà kan péré ti tó fún mi láti mọ̀ bóyá inú olórin náà ló ti ń wá, tàbí ó kàn ń fi ẹnu ṣe é. N kì í sábà ṣì í. Àṣìṣe kan wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ojúlé la jọ ṣe é, èmi nìkan kọ́ ni yóò rù ú.

Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù wọn padà sí bárékè ni. Ìjọba alágbádá ti dé, ẹnu gbogbo èèyàn ti là, kódà àwọn tí kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Mò ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa to àwòrán àti ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà fún ìwé tó máa ń wà nínú páálí kásẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwa ń pè ní jákẹ́ẹ̀tì. Olórin ìjọ ni o, olórin fújì ni o, kí àwo tuntun wọn tó jáde, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbà kọjá. Wọn á gbé fọ́tò wá, wọn á ní kí n fi òkun sí ẹ̀yìn àwọn, kí n fi mọ́tò tí kì í ṣe tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ àwọn. Mo máa ń ṣe é, mo sì máa ń gbọ́ orin náà kí n lè mọ irú àwọ̀ tó yẹ ẹ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, orin tí mo ti mọ ibi tó ń lọ kó tó débẹ̀ sú mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi di oníbàárà ọkùnrin kan ní Pedro. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó máa ń tẹ́ kásẹ́ẹ̀tì àti sídíì sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aṣerunlóge kan. Orin ilẹ̀ wa wà níwájú. Lẹ́yìn, nínú páálí mílíìkì, ni ó kó àwọn tí kò tà sí, àwọn orin ilẹ̀ òkèèrè tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ń rí gbà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ojú omi. Ó ní ọ̀nà tirẹ̀ láti pín wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ agbádá nínú àwòrán, "Sẹ̀nẹ̀gà" ni. Obìnrin tó bá fi sàréè bora, "Íńdíà" ni. Òyìnbó tó bá dijú, "àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀" ni.

"Àǹtí mi, ọjà yín dé," ni yóò wí bí ó bá ti rí mi lókèèrè, lẹ́yìn tí ìmọ́tótó Sátidé bá ti parí. "Èyí tó jáde lọ́dún yìí ni. Òríjínà. Mi ò mọ ibi tó ti wá o, ṣùgbọ́n ó ń dun èèyàn."

Ó ń dun èèyàn! Kò sí olùtajà tó tún mọ ọjà rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú páálí yẹn ni mo ti bá ọkùnrin aṣálẹ̀ kan pàdé, tí àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́ lé lórí bí ẹni ń gún iyán. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn obìnrin òkè ńlá kan tí wọ́n ń kọrin láìsí ìlù kankan, ohùn wọn ń gbo ara wọn títí irun ọwọ́ mi fi dìde. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ, kò sì dí mi lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń wí yìí, kì í ṣe ìgbádùn ara mi nìkan ni mò ń wá lọ sí Pedro. Ìyá mi ni mò ń wá orin fún.

Ìyá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú, ni aṣíwájú orin ẹgbẹ́ alásàlátù àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí wa ní Abúlé Òkúta. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara tẹ́lẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gẹ̀gẹ̀ ló mú un lọ́rùn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, gẹ̀gẹ̀ lọ, ó sì mú ohùn náà dání lọ. Ohun tó kù há, ó sì máa ń já lójijì ní ibi tó bá ga. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí bí wọ́n bá ń ṣe àsàlátù, tí yóò máa pàtẹ́wọ́ bí àlejò. Ẹgbẹ́ mú sùúrù, ṣùgbọ́n wọ́n wá sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé bí kò bá lè ṣíwájú orin ní Máólúdì tó ń bọ̀, àwọn yóò fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi sí i. Ó délé, ó ká aṣọ funfun ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ó dùn mí wọnú egungun.

Èmi gbà pé ohùn híhá kì í ṣe àrùn. Mo ti gbọ́ ọ káàkiri ayé, nínú páálí mílíìkì yẹn. Mo pinnu pé màá fi hàn án.

Ìyá mi kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń fi nǹkan hàn bẹ́ẹ̀. Mo fi ọkùnrin aṣálẹ̀ sí rédíò, ó fetí sí i díẹ̀, ó ní, "Ẹ bá a wá orógbó." Mo fi òyìnbó obìnrin kan sí i, tí ohùn rẹ̀ dà bí ẹni tó ti mu sìgá láti kékeré, ó bi mí pé, "Ta ló pa ọkọ rẹ̀?" Èyí tó wá láti Íńdíà, ó ní òun ti gbọ́ ọ ní sinimá, wọn kò sì jẹ́ kí òun sùn nígbà náà náà.

"Ẹ ò gbọ́ bí ohùn wọn ṣe rí ni, Màámi?"

"Mo gbọ́. Ṣé nítorí pé ara wọn ò yá lara tèmi ṣe máa yá? Pa á, jàre."

N kò bínú. Mo tún padà sí Pedro.

Èyí tó wá ṣe iṣẹ́ náà, kásẹ́ẹ̀tì ni, àwọ̀ dúdú, àwòrán obìnrin àgbàlagbà kan tó fi gèlè dúdú borí, tó dijú. Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ gbogbo ara rẹ̀. Kéú tí mo kà kò ju kí n dá lẹ́tà mọ̀, kí n sì ka sùúrà kéékèèké lórí. Mo fi sí rédíò lọ́sàn-án Sátidé kan, ilẹ̀kùn yàrá wa ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ láìsí ìlù. Ohùn rẹ̀ há! Ó ń fa ìlà kan gùn, ohùn á já, á sinmi, lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn tó wà níwájú rẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì á ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Allāh!"

Ìyá mi dìde lórí ibùsùn, ó fa ìbòrí rẹ̀ wá síwájú.

Ìyá àgbà tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa jáde, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ọmọkùnrin ìyá yìí kan ṣoṣo gba ọ̀nà òkè òkun lọ nígbà àwọn ológun, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti dé ló ti ń sọ pé àwọn tó lọ ń padà bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó ń fọ ọ̀kadà lẹ́yìnkùlé pa omi, ó wá dúró. Bí obìnrin inú kásẹ́ẹ̀tì bá ti sinmi, wọn á dáhùn, "Àmín." Èmi náà ń ṣe àmín. Ta ni kò ní ṣe é? Lárúbáwá ni, gèlè ni, orúkọ Ọlọ́run ni.

Nígbà tó parí, ìyá mi ní kí n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Ohùn rẹ̀ ò dára ju tèmi lọ. Ọlọ́run sì ń gbọ́ ọ."

"Ohun tí mò ń wí látijọ́ nìyẹn."

"Ìwọ ò wí nǹkan kan. Orin ọ̀fọ̀ lo ń kó wá."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn orin náà, bí àwọn alásàlátù ṣe máa ń ṣe. Ohùn orin tó bá ti wù wọ́n, ti ẹnikẹ́ni ni ì báà jẹ́, wọn á wọ̀ ọ́ láṣọ tiwọn. "Ohùn mi há o, Ọba, etí Rẹ kò di." Ó ń kọ ọ́ nígbà tó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń kọ ọ́ nígbà tó ń pọn omi. Ibi tí obìnrin yẹn ti já, ibẹ̀ náà lòun ń já, kò sì tún fi pamọ́. Ó tú aṣọ funfun jáde nínú àpótí, ó sá a sóòrùn. Ilé ọba tó jó ni mo pè é nínú ara mi, ẹwà ló bù sí i.

Ó ku díẹ̀ kí Máólúdì pé ni ọ̀dọ́ àáfà kan gbé kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí wọn wá sílé ìtẹ̀wé. Ó ti kàwé nílẹ̀ Lárúbáwá. Mo fa jákẹ́ẹ̀tì kásẹ́ẹ̀tì náà, tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ orin sí nínú, yọ nínú báàgì mi.

"Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka àdúrà yìí. Màámi ti fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn rẹ̀, ó fẹ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀."

Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó tún kà á.

"Àdúrà kẹ̀? Àǹtí, orin ìfẹ́ ni. Ó ń retí ọkùnrin rẹ̀ tó lọ sí ìdálẹ̀. Ó ní gbogbo ẹsẹ̀ tó bá ń kọjá lójúde, òun ń rò pé tirẹ̀ ni."

"Àwọn tó ń ké 'Allāh' ńkọ́?"

"Bí orin bá dùn mọ́ wọn níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń ké nìyẹn." Ó rí ojú mi. "Kò burú o. Ọ̀rọ̀ tí Màmá fi sí i ṣáà ni àdúrà."

Fún òun ni kò burú. Ìyá tèmi ni mo mọ̀. Bí àáfà yìí bá mọ̀ ọ́n, ẹlòmíràn lè mọ̀ ọ́n. Bí ó bá kọ ọ́ tán níwájú gbogbo mọ́ṣáláṣí, tí ẹnì kan wá fi ṣe ẹ̀rín lẹ́yìn náà, kò ní ya ẹnu mọ́ láéláé. Bí mo bá sì sọ ọ́ fún un ṣáájú, aṣọ funfun lè padà sínú àpótí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Síbẹ̀ n kò jẹ́ kí ìyá mi bọ́ sí ìta pẹ̀lú ohun tí kò mọ̀. Mo délé, mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó fi ẹ̀wà tó ń ṣà sílẹ̀. Ìyá àgbà yàrá iwájú wa wà lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń fẹ́ná, ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ.

Ìyá mi bi mí pé, "Ọkùnrin náà, ṣé ó padà dé?"

"Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, Màámi."

"Nígbà náà, àdúrà ni," ni ó wí, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Ní ọjọ́ Máólúdì, ó wọ aṣọ funfun, ó dúró níwájú. Ó kọ ọ́ bí ó ṣe máa ń kọ ọ́ nílé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ń gbè é. Lẹ́yìn náà ló mú ìlà kan tí n kò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀ wọlé: "Ẹni tá à ń retí, Ọba, jẹ́ kó wọlé dé." Ó gbé e gòkè, ó ń gbé e lọ sí ibi tí ohùn rẹ̀ kì í dé mọ́, ó sì já.

Láti àárín àwọn obìnrin, ìyá àgbà yàrá iwájú wa dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì ké pé, "Allāh!" gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń ké e nínú kásẹ́ẹ̀tì. Gbogbo mọ́ṣáláṣí dáhùn pé àmín. Ìyá mi mí sínú, ó sì mú orin rẹ̀ lọ.