Kẹ̀kẹ́ Tí Àbúrò Mi Gbé Wọ Ọkọ̀ Òfurufú

Páálí ni a kọ́kọ́ rí. Ọkọ̀ tí àbúrò mi háyà láti Èkó dúró níwájú ilé wa ní Arámọ́kọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Awakọ̀ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa páálí ńlá kan jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ilẹ̀kùn. Igun rẹ̀ kan ti ya, ẹnì kan sì ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́ wúruwùru. Ìyá wa, tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, gbé ojú sókè.

"Kí lo gbé bọ̀ sí ulé yìí?"

"Kẹ̀kẹ́ mi ni, Màmá."

"Kẹ̀kẹ́? Láti Kánádà? Kò ha sí kẹ̀kẹ́ ní Ìjerò ni?"

Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ fún un, ó dìde, ó sì gba páálí náà lọ́wọ́ awakọ̀ bí ẹni ń gba aláìsàn.

Èmi ni àkọ́bí, òun ni àbíkẹ́yìn. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ti padà sílé láti máa gbé pẹ̀lú Màmá. Òun ti wà ní Kánádà láti ìgbà tó ti jẹ́ ọ̀dọ́, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ apòògùn, ibẹ̀ ló sì ti gbé ìyàwó. Ọlọ́run ò fún wọn lọ́mọ, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn ara wọn débi pé a máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dún tó ṣáájú ọdún tó wá sílé yìí ni ìyàwó rẹ̀ ṣàìsàn, àìsàn náà ò sì gùn kó tó mú un lọ. Orí fóònù ni èmi àti Màmá ti wo ìsìnkú rẹ̀. Yìnyín ń bọ́ sórí àwọn tó dúró yí ibojì ká, àbúrò mi ò sì dé fìlà. Ohun tí Màmá ń wí ṣáá ni pé, "Ẹ sọ fún un kó dé fìlà," bí ẹni pé àwọn èèyàn yẹn lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó dé yẹn, kò tíì jẹun tó ti tú páálí rẹ̀. Mo jókòó tì í. Nígbà tó fa kẹ̀kẹ́ náà jáde, mo rí i pé ojú rẹ̀ yí padà. Irin kékeré tí gíà ẹ̀yìn so mọ́ ti tẹ̀ wọnú. Ẹsẹ̀ méjèèjì fóòkì iwájú, níbi tó yẹ kí táyà wọ̀, ti fún mọ́ra wọn. Ó gbé táyà iwájú, ó fẹ́ kì í bọ̀ ọ́, kò wọlé. Ó tún un gbìyànjú. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó ń sunkún.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí irin. Màmá dìde, ó fi ọwọ́ lé e lórí.

"Òun ló rà á fún mi," ni àbúrò mi wí nígbà tó yá. Mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ló ń wí. "Lọ́dún tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Àǹtí, mi ò dì í dáadáa. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ rìnrìn àjò ni mo ń dì í, mo ń kánjú. Mi ò yọ gíà, mi ò fi nǹkan kankan sáàárín fóòkì. Wọ́n kan gbé ẹrù mìíràn lé e lórí ni."

Ó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ó ní irin kékeré yẹn rọ̀, pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kó lè jẹ́ òun ni yóò tẹ̀ tí nǹkan bá kọ lù ú, kí férémù má baà fọ́. Ó fi sípánà nà án padà díẹ̀díẹ̀, ó fi igi pẹlẹbẹ tẹ ẹsẹ̀ fóòkì síta, títí táyà fi wọlé. Lọ́jọ́ kejì ó gùn ún dé Ìlógbò, ó sì padà.

Láti ìgbà náà, kò sí àárọ̀ tí kì í jáde. Ó ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, àwọn òkè tí ọkọ̀ akẹ́rù pàápàá ń kérora gùn. Ó ń lọ sí Ìkòrò, ó ń gba ọ̀nà oko lọ sí Ìlórò. Kẹ̀kẹ́ náà nípọn ní táyà, fóòkì rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò bí ó bá wọ kòtò. Ọlọ́kadà kan dúró tì í lójú ọ̀nà Ìjerò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé epo ló tán ni kí n fà yín?" Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ fún wa nílé, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín sí i. Yóò padà dé pẹ̀lú ilẹ̀ pupa ní gbogbo ara, yóò wẹ̀, yóò jẹ iyán, yóò sì sùn lọ. Ó sọ fún mi pé oorun yẹn ni òun ń wá, pé bí òun ò bá gun kẹ̀kẹ́, òun kì í rí oorun sùn.

Nínú ilé, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ìyàwó rẹ̀. Màmá gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Ìyàwó rẹ fẹ́ràn ẹ̀fọ́ yìí," àbúrò mi sì rọra dìde nídìí oúnjẹ, ó lọ dúró sẹ́yìnkùlé. Àlùfáà ìjọ wa wá kí i, ó gbàdúrà, àbúrò mi sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ọjọ́ ìpadàlọ rẹ̀ sún mọ́lé, mo ní, "Fi kẹ̀kẹ́ yìí sílẹ̀ níbí, kí o máa bá a nílé. Wọ́n lè tún bà á jẹ́."

"Rárá, Àǹtí. Mi ò lè fi í sílẹ̀."

"Ó dáa, a óò dì í débi pé kò sẹ́ni tí yóò lè bà á jẹ́. Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ó kọ́kọ́ pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn yóò gbà á bí ó bá wà nínú páálí, ṣùgbọ́n kó tètè dé pápákọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta fíríìjì l'Ádó fún wa ní páálí tó nípọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni a gbé kẹ̀kẹ́ lọ sídìí ẹ̀rọ omi, láti fọ̀ ọ́.

Mo rò pé kí a kàn da omi lé e ni. Ó ní rárá, pé bí àwọn aṣọ́bodè Kánádà bá rí ilẹ̀ oko lára táyà, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé e, nítorí àrùn irè oko. Nítorí náà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí a ti lò gbó ni a mú, a jókòó lórí àpótí, a ń ha ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n kúrò láàárín eyín táyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bóyá nítorí pé a ò wo ojú ara wa ni, n ò mọ̀. Ó kàn ṣẹnu wúyẹ́, ó ní:

"Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ pé ìyàwó mi ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn nígbà tó rà á? Méjì ló rà. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí n dá lọ sórí òkè. Àgbà obìnrin tó ń ṣubú sínú koríko!"

Mo ń fọ̀ lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá dáhùn, yóò dákẹ́.

Ó ní nígbà tí àìsàn dá ìyàwó òun dùbúlẹ̀, ìyàwó náà máa ń lé òun jáde pé kí òun lọ gun kẹ̀kẹ́, kí òun padà wá sọ ohun tí òun bá rí. Òun yóò lọ, òun yóò padà wá jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, òun yóò máa ròyìn igi, ẹyẹ àti adágún omi fún un. Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà ní kí òun lọ. Òun lọ. Nígbà tí òun padà dé, wọ́n ti fa aṣọ bò ó lójú.

"Mi ò sí níbẹ̀, Àǹtí. Orí kẹ̀kẹ́ yìí ni mo wà."

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ohùn tí mo gbọ́ lẹ́yìn wa ni ti Màmá, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, a ò mọ ìgbà tó débẹ̀.

"Èmi náà ò sí níbẹ̀," ni Màmá wí.

A yíjú padà.

"Lọ́jọ́ tí bàbá yín kú. Ó ní kí n lọ sílé lọ mú aṣọ tó mọ́ wá fún òun. Mo sọ pé ó di ọ̀la, ó ní rárá, òní ni. Mo wọkọ̀ láti ọsibítù l'Ádó wá sílé, mo mú aṣọ, mo padà. Wọn ò jẹ́ kí n wọ yàrá mọ́."

Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ọwọ́ Màmá ló kú sí. Ohun tí a sọ fún àwọn ẹbí nìyẹn, òun náà ò sì yí i padà rí. Mo wò ó bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n.

"Mo bínú sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo tún bínú sí ara mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó pẹ́, mo rò ó pé ó mọ̀ mí. Ó mọ̀ pé bí mo bá wà níbẹ̀, màá pariwo, màá dì í mú. Ìyàwó tìrẹ náà mọ̀ ọ́. Kò fẹ́ kí o wà níbẹ̀, ọmọ mi. Ó fẹ́ kí o wà lórí òkè."

Àbúrò mi fi ọwọ́ tó lọ́ṣẹ bojú. Màmá ò dúró, ó wọlé lọ. Nígbà tó jáde, ìró rẹ̀ méjì tó ti gbó ló kó lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ fi wọ́n wé e. Àwọn tí yóò gbé e kò mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti gbẹ, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a dì í. Ó kọ́kọ́ yọ àwọn pẹ́dà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ó sì fi hàn mí pé ti ọ̀tún ń tú bí nọ́ọ̀tì gbogbo ṣe ń tú, ṣùgbọ́n pé ti òsì, ńṣe lèèyàn ń yí i síbi tí wọ́n ń yí nọ́ọ̀tì sí láti dè é. Èmi ni mo tú ti òsì. Ó tú àńdù tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, ó dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ férémù. Ó yọ gíà ẹ̀yìn, a fi aṣọ wé e, a so ó sínú férémù kí nǹkan má baà kan án. Ó gé igi kòkó kan, ó fá a títí tó fi bá àyè táyà iwájú mu, ó fi há ẹsẹ̀ fóòkì méjèèjì, ó ní bí wọ́n tiẹ̀ to ẹrù lé e, kò ní lè fún mọ́ra wọn mọ́. Ó fi páálí pẹlẹbẹ sáàárín pádì bíréèkì kí wọ́n má baà há mọ́ra. Ó tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tú u tán. Ó ní díẹ̀ tó kù yẹn ni yóò máa gba irin rẹ̀ lọ́wọ́ ìfarapa. Èmi gé fóòmù àtijọ́, mo fi bo gbogbo ibi tí irin bá ti lè kan irin. Màmá ń wé ìró lórí rẹ̀ bí ẹni ń di ọmọ jòjòló, ó ń bi wá léèrè pé, "Ìhín ńkọ́? Ẹ ti fi nǹkan síhìn-ín?"

Láàárín iṣẹ́ yẹn, àbúrò mi ń sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀. Àwa náà ń sọ tiwa. Màmá rántí ìgbà tó kọ́kọ́ wá sí Arámọ́kọ tó ní òun fẹ́ gúnyán, tí ọmọ odó fò sínú agbada ọbẹ̀.

Mo bá a dé Èkó. Ní pápákọ̀, òṣìṣẹ́ ààbò kan fa ọ̀bẹ yọ, ó fẹ́ la páálí náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," ni àbúrò mi wí, "ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi tú u."

Ọkùnrin náà fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó yẹ̀ fún un. Nígbà tó rí ìró tó yọjú, ó dúró.

"Ta ló di ẹrù báyìí?"

"Ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi."

Ó fọwọ́ kan igi inú fóòkì, ó bèèrè ohun tó wà fún, àbúrò mi sì ṣàlàyé fún un. Ó tan iná tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ yíká, kò fa ohunkóhun yọ. Òun fúnra rẹ̀ ló bá wa di ẹnu páálí mú kí téèpù lè lẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tì í lọ, àbúrò mi sì dì mọ́ mi, ó pẹ́ kó tó fi mí sílẹ̀.

Ó pè wá nígbà tó gúnlẹ̀. Ó ní òun ò tíì kúrò ní pápákọ̀ tí òun fi tú u wò, kó má baà di pé òun délé kí òun tó rí ohun tó bàjẹ́. Kò sí ohun tó tẹ̀. Ibì kan lára férémù nìkan ni ọ̀dà ti bó díẹ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan ti dára tán. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé kì í gbé fóònù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ dé, ó pè wá lójú fídíò láti orí òkè kan, ó ń mí gúlegúle. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ méjì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ṣubú sínú ẹrẹ̀ lójú wa, àbúrò mi sì bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí fóònù fi ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ó ti tó," ló wí, "ẹ lọ gbé ọmọ ọlọ́mọ dìde nínú ẹrẹ̀."