Odò Tó Kọ̀ Láti Tẹ̀lé Ìwé Isiaq

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, láti orí dé ìrù. Ibì kan ṣoṣo tí a ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà ni gígùn ejò inú rẹ̀, a sì dín in kù ni, nítorí ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò lè gbà bó bá gbọ́ bó ṣe gùn tó gan-an.

Gbogbo àdúgbò Fọlá Àgórò ní Ṣómólú ló mọ ohun tí olóògbé Isiaq òǹtẹ̀wé sọ fún ẹ̀ṣọ́ igbó létí odò. Oòrùn ti ń wọ̀ lọ. Isiaq dúró sínú omi dé orúnkún, ó di ìwé kan mú, ewé gbígbẹ kún irùngbọ̀n rẹ̀. Àwọn èèyàn tó kó wọ igbó dojú bolẹ̀ sétí odò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń mu omi bí ewúrẹ́. Ẹ̀ṣọ́ igbó náà, Raphael, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti ń wá wọn kiri láti àárọ̀, kí wọn kú ewu, ó sì béèrè bó ṣe jẹ́ tí wọn kò fi rí odò tó tóbi tó báyìí láti òwúrọ̀. Isiaq wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́: àwòrán ọ̀nà inú igbó ni, odò náà sì wà nínú rẹ̀, lápá òsì. Ó wo odò tó ń ṣàn lápá ọ̀tún. Ó tún wo ìwé.

"Ọ̀gá Raphael," ó ní, "ẹ bá mi sọ fún ìjọba pé odò yìí ni wọ́n tẹ̀ sódì."

Bàlíkísù, ìyàwó rẹ̀, gbé orí sókè nínú omi, ó sì pòṣé. Ọ̀bọ mẹ́ta ló jábọ́ lórí igi nítorí òṣé náà.

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Ìyàwó àgbà ni Isiaq máa ń pe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, torí pé ó ti ra ẹ̀rọ náà kó tó gbé Bàlíkísù wọlé. Láàárọ̀, ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ń kí. Bí òjò bá ń jò wọ ìsọ̀, ẹ̀rọ ló ń fi aṣọ bò. Ìyàwó kékeré á wá ibi sá sí.

Òfin kan ṣoṣo ni Isiaq ní nídìí iṣẹ́: ohun tí ẹ̀rọ bá ti tẹ̀, bíírò kan ò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́. Ọkọ ìyàwó kan wá láti Onípanu nígbà kan, ó ní Isiaq ti fi ọ̀sẹ̀ kan sún ọjọ́ ìgbéyàwó òun síwájú lórí ìwé ìpè. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ fi bíírò tún un ṣe. Isiaq bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bú bàbá rẹ̀. Bíírò? Lórí iṣẹ́ ọwọ́ òun? Ó bá ọmọkùnrin náà sọ ọ́ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, títí tí wọ́n fi lọ sún ìgbéyàwó síwájú. Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá, òjò rọ̀ bíi kó gbé ilé lọ. Lọ́jọ́ tí ìwé mú, oòrùn ràn kalẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún rí Isiaq bá wí.

Orí fóònù ni ọ̀rọ̀ igbó ti bẹ̀rẹ̀. Isiaq rí àwọn òyìnbó tí wọ́n ń sùn sínú àgọ́ láàárín igbó, tí amọ̀nà kan ń kó wọn kiri, ó sì ní kí ló dé tí àwa náà ò lè ṣe é. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti tẹ ìwé ìléwọ́, ó sì ti lẹ̀ ẹ́ láti Fọlá Àgórò dé Abúlé Òkúta: ẹ wá sùn nínú igbó ìjọba, amọ̀nà tó dáńgájíá ń bẹ. Bàlíkísù béèrè ta ni amọ̀nà náà. Isiaq tún fìlà rẹ̀ dé. Isiaq tí kò tíì sùn rí níbi tí kò ti gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà ìbá jẹ́ bí kì í bá ṣe ti Ruqoyyah. Òun nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí, ilé ọkọ rẹ̀ ń bẹ ní Abúlé Òkúta, ọdún mọ́kànlá ló sì fi wá ọmọ. Gbogbo ọdún yẹn, orí àyà Bàlíkísù ló ń sunkún sí. Bàlíkísù wá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá dáhùn, ọwọ́ òun yìí gan-an ló máa gbé ọmọ náà jáde síta fún ayé rí. Ọlọ́run dáhùn. Ìkómọ bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ìrìn-àjò igbó sì ti wà fún Ọjọ́bọ̀ sí Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀. Bàlíkísù ní kó sún un. Isiaq ní ìwé ìléwọ́ ti jáde.

Èyí tó tún wá burú jù ni pé ó ti tẹ ìwé ètò ìkómọ náà pẹ̀lú. Bàlíkísù gbà á, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà.

"Bàbá Ruqoyyah, ẹni tí yóò gbé ọmọ jáde, orúkọ yín ni mo rí níbẹ̀."

"Èmi ni bàbá àgbà."

"Orúkọ tèmi dà?"

"Ó wà nísàlẹ̀, níbi oúnjẹ."

Ó ní kó bá òun tún un ṣe. Isiaq ní ó ti jáde lára ẹ̀rọ. Bàlíkísù di ẹrù tirẹ̀ náà, ó tẹ̀ lé e lọ sígbó, nítorí ó mọ̀ pé bí òun kò bá sí níbẹ̀, ọkọ òun á máa bá ìrókò jiyàn lọ́wọ́ títí ọmọ náà á fi wọ ilé-ìwé.

Àwọn fléèsì, ọ̀rá ńlá tí wọ́n ń tẹ àwòrán ìpolówó sí, èyí tí oníbàárà kò gbà ní ìsọ̀ rẹ̀ ni Isiaq kó fún aránṣọ kan, ó sì rán wọn ní àgọ́. Èyí tó kan Bàlíkísù jẹ́ ti ìsìnkú bàbá olóyè kan. Bó bá ti dùbúlẹ̀, ojú bàbá náà á máa wò ó láti òkè, pẹ̀lú gbogbo eyín, lábẹ́ "Ó Dìgbà Kan Ná, Bàbá Rere." Japhet apẹja, ọmọ Ìlàjẹ tó ń gbé létí omi Bariga, àti ìyàwó rẹ̀ Sabina tó ń yan ẹja, gba àgọ́ ti ìsọjí ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n kọ "Wá Gba Ìyanu Rẹ" sí lára. Sabina ní ìyanu tí òun ń wá kò ju ẹnu ọ̀nà tó ṣeé tì lọ. Japhet sì gbé àwọ̀n rẹ̀ wá látilé, torí ìwé ìléwọ́ sọ pé odò wà.

Isiaq kò rí oorun sùn nínú ìdákẹ́jẹ́ igbó. Ó bá tan ohùn jẹnẹrétọ̀ tó ti gbà sílẹ̀ sórí fóònù. Gbogbo ọmọ Ṣómólú tó wà níbẹ̀ sùn fọnfọn bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí Raphael kó wọn kiri lọ́jọ́ kejì láti fi ẹranko hàn wọ́n, kò rí ìrù ẹyọ kan. Ó ní àfàìmọ̀ kí gbogbo wọn má ti gba ọ̀nà Kútọnu lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n padà, Raphael ní kí wọ́n dúró de òun ní àgọ́, òun fẹ́ lọ wo bọ́ọ̀sì wọn lẹ́nu géètì. Ó yí ẹ̀yìn padà tán ni Isiaq gbé ẹrù kọ́ apá.

"Amọ̀nà kì í dúró de amọ̀nà," ó ní.

Ìwé rẹ̀ sọ pé odò wà lápá òsì àgọ́, ẹni tó bá sì tẹ̀ lé etí odò, ẹnu géètì ló máa já sí. Mọ́tò ìjọba ló gbé wọn wọlé láti ẹ̀yìn igbó, wọn kò tíì fojú kan odò rí, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́. Wọ́n yà sósì.

Wọ́n rìn títí. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, Isiaq rí gbòǹgbò ńlá kan tó dábùú ọ̀nà, ó sọ àpò píọ̀ wọ́tà wọn kà á lórí, ó jókòó tì í, ó ń ṣàlàyé igbó. Ó ṣàlàyé dé ibì kan, gbòǹgbò náà dìde, ó ń lọ. Àpò yí láti orí rẹ̀ bọ́ sínú kòtò olókùúta, gbogbo omi wọn fọ́. Wọ́n ní nígbà tí ìrù ejò náà kọjá, ohun tí orí rẹ̀ jẹ lọ́nà ti dà. Isiaq ní òun ti fura tẹ́lẹ̀ pé gbòǹgbò yẹn rọ̀.

Ọ̀sán pọ́n, kò sí odò, kò sí omi mímu. Àwọ̀n Japhet ń kọ́ igi, ó ń tú u, ó tún ń kọ́ òmíràn. Ó sọ fún Isiaq wọ́ọ́rọ́wọ́ pé gbogbo igi tó wà nígbó yìí ni àwọ̀n òun ti mú tán, ó wá ku ẹja. Isiaq ní odò ti sún mọ́lé. Ohun tó ti ń sọ látàárọ̀ nìyẹn.

Bàlíkísù jókòó sórí òkúta, kò sì dìde mọ́. Ó ń wo bí oòrùn ṣe ń yí lọ, ó ń rò ó pé bọ́ọ̀sì wà lẹ́nu géètì, Èkó jìnnà, ọ̀la sì ni ìkómọ.

"Ọdún mọ́kànlá, Bàbá Ruqoyyah," ó ní. Kò pariwo, èyí ló sì dẹ́rù ba Isiaq. "Bí wọ́n bá gbé ọmọ yẹn jáde lọ́la tí n kò sí níbẹ̀, ẹ máa lọ bá ìyàwó àgbà yín gbé."

Ó já ìwé náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi fẹ́ ara rẹ̀. Bó ṣe gbé e sókè ni oòrùn là á kọjá, àwòrán sì hàn láti ẹ̀yìn. Ọwọ́ Bàlíkísù dúró. Àpáta ńlá kan wà nítòsí àgọ́, apá ọ̀tún ni gbogbo wọn ti ń rí i láti Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n apá òsì ni ìwé fi í sí. Láti ẹ̀yìn ìwé, àpáta padà bọ́ sápá ọ̀tún, odò sì wà nídìí rẹ̀. Kì í ṣe òní ni Bàlíkísù ti wà nínú ìsọ̀ òǹtẹ̀wé. Ó mọ̀ pé fíìmù méjì, ọ̀rá tó ń gbé iṣẹ́ sórí ẹ̀rọ, lọkọ òun máa ń lò: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀, ọ̀kan fún àwòrán.

"Ẹ to fíìmù ọ̀rọ̀ dáadáa," ó ní. "Ti àwòrán lẹ dojú rẹ̀ délẹ̀."

Isiaq gba ìwé, ó gbé e sí oòrùn, ó wò ó pẹ́. Sabina rò pé àìsàn ló kọ lù ú.

"Ṣé ó tọ́ láti ẹ̀yìn?" ó bi wọ́n nígbẹ̀yìn.

Wọ́n ní ó tọ́.

"Àbùkù ò sí lára iṣẹ́ mi nìyẹn. Ibi tí ẹ ti ń kà á ni kò dáa."

Bàlíkísù dìde. Ó gba ìwé, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, ó sì kó wọn padà dé àgọ́, ó yà sọ́tùn-ún. Bí wọ́n ṣe débi odò nìyẹn, tí Isiaq fi sọ ọ̀rọ̀ tó sọ fún Raphael. Japhet rí omi, ojú rẹ̀ là, ó ju àwọ̀n rẹ̀ sí i. Ohun kan ṣoṣo tó mú ni fìlà Isiaq.

Ìdájí ọjọ́ Àìkú ni wọ́n tó lè gbéra, ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀sì já wọn sílẹ̀ ní Onípanu, àsìkò ìkómọ ti kọjá. Wọ́n fò sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà. Ní Abúlé Òkúta, àáfà ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, àwọn àna ń fajú ro, Ruqoyyah sì ti tilẹ̀kùn mọ́ra pẹ̀lú ọmọ. Ó ní kò sẹ́ni tó máa gbé ọmọ òun jáde bí ìyá òun ò bá tíì dé. Bàlíkísù kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú ewé lórí gèlè rẹ̀, ó sì ṣí.

Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ, ó jáde wá wo ibi tí ọkọ rẹ̀ wọlẹ̀ sí. Ó bá a lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ẹrẹ̀ igbó ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbé gbogbo ìwé ètò ìkómọ lé itan, ó ń kọ nǹkan sí wọn lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàlíkísù rò pé oyè ló ń fi kún orúkọ ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bíírò ló wà lọ́wọ́ Isiaq. Ó ti fa igi kọjá lórí orúkọ tirẹ̀, ó sì ń kọ "Ìyá Ruqoyyah" sókè rẹ̀, wọ́gọwọ̀gọ, bí ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé, torí ẹni tó fi ẹ̀rọ kọ̀wé láti kékeré kò ní ọwọ́ ìkọ̀wé.

Kò gbójú sókè.

"Ìyàwó àgbà yẹn ló fà á," ó ní. "Owú ń jẹ ẹ́."

Bàlíkísù pòṣé. Òṣé yẹn ò lè já ewé, áńbọ̀sì kó já ọ̀bọ. Ó wọlé, ó gba ọmọ lọ́wọ́ Ruqoyyah, ó sì gbé Teslim jáde síta fún ayé rí.

Nígbà òjò tó kọjá ni Isiaq sùn tí kò jí, pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, tó ń dún bíi jẹnẹrétọ̀. Bàlíkísù fi àwòrán igbó náà kọ́ ara ògiri pálọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ síta, kó lè tọ́. Láràárọ̀, bó bá ṣílẹ̀kùn ìsọ̀, á kọ́kọ́ fọwọ́ nu eruku lára ẹ̀rọ. "Ìyálé mi, ẹ káàárọ̀ o," ni yóò wí, kó tó kí ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bá Sabina létí omi Bariga. Fléèsì "Wá Gba Ìyanu Rẹ" ló fi ṣe ìbòji níbi tó ti ń yan ẹja, kò lè ṣòro rí. Ẹ ṣáà dárúkọ Isiaq òǹtẹ̀wé fún un. Yóò kọ́kọ́ pòṣé. Lẹ́yìn náà, yóò fa àpótí fún yín, yóò ní kí ẹ jókòó.