Àlùwàlá Ìyá Àgbà

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ba ilẹ̀ gbígbẹ, tí erùpẹ̀ ń rùn, ọ̀sán kan ní àdúgbò Kókó, nílùú Bouaké, ni mo máa ń rántí. Ayé ìjọba Faransé ni. Kànga ti gbẹ, ìyá mi wá omi lọ, ibà sì dá mi dùbúlẹ̀. Ìyá àgbà da omi bùtá àlùwàlá rẹ̀ sí ife fún mi. Nígbà tí ìrun Alásárì tó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan erùpẹ̀, ó fi pa ojú àti ọwọ́.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà, ẹ ń fi erùpẹ̀ ṣeré! Ẹ sì máa ń nà wá nítorí ẹ̀."

"Onísọkúsọ, mu omi rẹ. Ilẹ̀ Ọlọ́run náà mọ́."

Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé omi yẹn nìkan ló kù nílé, àti pé ẹni tí kò rí omi ni wọ́n yọ̀ǹda erùpẹ̀ fún láti fi ṣe àlùwàlá. Lọ́jọ́ náà, mo kàn mu ún tán ni, n kò bi í bóyá òùngbẹ ń gbẹ òun náà.