Ẹ̀bi Ẹja Yíyan Tí Ìyàwó Ọmọ Mi Bá Mi Rù

Ọdún kejì lẹ́yìn ìgbà tí Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé ni. Òórùn ẹja títù tí wọ́n ń yan ni mo fi ń rántí ilé ọmọ mi ọkùnrin ní Peckham, nílùú òyìnbó, nígbà náà, òórùn ọlọ́ràá tó máa ń lẹ̀ mọ́ kọ́tìnnì, tó máa ń bá ènìyàn wọ bọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ kò tíì máa dùn mí bíi ti ìsinsìnyí. Èmi fúnra mi ni mo máa ń rìn lọ sí Rye Lane lọ ra ẹja. Màá tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, màá wo ojú rẹ̀ bóyá ó ṣì ń dán, títí ẹni tó ń tà á á fi ní, "Mama, ẹja lẹ fẹ́ rà o, ẹ ò fẹ́ ẹ sílé."

Ìyàwó ọmọ mi, tí ọmọ rẹ̀ ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Camberwell. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo ibi ìyanja tí wọ́n kọ́ mọ́ sítóòfù wọn. Ihò kékeré ni, kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Iná ń jó lókè, tíréè wà nísàlẹ̀, ẹja méjì péré ló ń gbà. Ó bu omi sínú tíréè náà, ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé omi yìí o. Bí ọ̀rá bá ń kán sórí tíréè gbígbẹ, á gbiná." Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n mò ń rẹ́rìn-ín nínú. Èmi tí mo fi ẹja yíyan tọ́ ọmọ mẹ́ta ní Ẹ̀pẹ́, tí mo mọ igi tó ń mú ẹja pọ́n àti èyí tó ń mú un korò! Ta ló ń bu omi sábẹ́ ẹja tó fẹ́ kó gbẹ? Bó bá ti lọ síbi iṣẹ́ báyìí, màá da omi yẹn nù. Aláàmù tó wà lókè àjà, tó máa ń han nígbàkígbà tí èéfín bá yọ, mo gun àga, mo fi fìlà láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń wẹ̀ dé e lórí. Èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwa àgbà àdúgbò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó ọmọ mi ti iṣẹ́ òru dé, ó ń sùn. Mo da omi tíréè nù bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ti ẹja méjì bọ inú ihò náà, mo lọ kírun Àlàásárì. Kí n tó kírun tán, èéfín dúdú ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iná ti yọ lẹ́nu sítóòfù, ó ń lá kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè rẹ̀. Aláàmù kò ké. Ikọ́ mi ló jí ìyàwó ọmọ mi. Ó sáré jáde nínú aṣọ oorun, ó pa sítóòfù, ó fi aṣọ ìnura tútù bo iná náà, ó sì fà mí jáde sórí àtẹ̀gùn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti bó. Òun ló tún ń bi mí pé, "Mummy, kò sí ibi tó jó yín?"

Nígbà tí ọmọ mi ti ibi tó ti ń wa bọ́ọ̀sì dé, ògiri dúdú ló kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ló rí fìlà tó wà lórí aláàmù.

"Ta ló fi èyí síbí?"

Ìyàwó rẹ̀ wò mí. Èmi wo ilẹ̀. Ó ní, "Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ìwọ? Ìwọ nọ́ọ̀sì? O fẹ́ sun ìyá mi mọ́lé?"

Ká ní mo kàn dákẹ́ ni, ìtìjú mi ì bá kéré. Ẹnu ara mi yìí ni mo fi sọ pé, "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Ọmọ mi yíjú sí i: "O rí i? Ẹni tí o fẹ́ pa ló tún ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi díẹ̀, kí Ọlọ́run foríjì mí. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé wọ́n á ní mo ti darúgbó jù, wọn ò ní jẹ́ kí n dáná mọ́. Kí ni n óò wá máa ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ nílùú tí n kò lè ka ohun tí wọ́n kọ síwájú bọ́ọ̀sì?

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin mi ní Lewisham, ó dé ọ̀dọ̀ àbúrò wọn l'Ékòó. Ìyàwó Panápaná ni wọ́n wá ń pe ìyàwó ọmọ mi. Bó bá fọwọ́ kan ìkòkò, wọ́n á ní kí a tètè ṣí fèrèsé. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á wá lọ máa fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Kò fi ojú burúkú wò mí rí. Ó ṣì ń bá mi fi ìpara pa ẹsẹ̀ lálaalẹ́, àpá iná sì wà lẹ́yìn ọwọ́ tó fi ń pa á. Mò ń wo àpá náà, mò ń dákẹ́.

Ọjọ́ Iléyá tó kọjá, gbogbo wọn pé sílé, ẹni tó wà l'Ékòó wà lórí fóònù. Ọmọbìnrin mi tún ní, "Ẹ gba ẹran yẹn lọ́wọ́ ìyàwó o, a ò tíì fẹ́ kú." Ẹ̀rín sọ. Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Ọmọ mi ọkùnrin fọwọ́ bojú. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Mummy, kí lẹ tún ń hú ìyẹn jáde fún?" Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yí padà, omi ti dé ojú rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ fún un níwájú wọn. Ó sáré wá dì mí mú, ó ní èèwọ̀ ni, ó fẹ́ gbé mi dìde. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ ná. Láti ilẹ̀ yẹn ni mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé: "Abẹ́ ọ̀wọ̀ tó ní fún mi ni mo sá pamọ́ sí. Ẹ̀yin náà á di ìyá ọkọ, ẹ ó di bàbá ọkọ. Ẹ má ṣe é sí ọmọ ọlọ́mọ bí mo ṣe ṣe é sí eléyìí."